Májèlé inú ẹ̀gẹ́: ìtàn àwọn tó kọ́ bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Ọ̀rọ̀ ìlera tòní gùn díẹ̀ nítorí pé ìtàn ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa mọ́, kí ó pe ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kan kí ó kà á sí i létí. Ẹ ó rí i níwájú pé ọ̀rọ̀ ojú tí kò ríran mọ́ wà nínú ìtàn náà gan-an.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ọjà-Ọba wa níbí, lẹ́bàá ààfin Ẹ́míà. Ẹ mọ bí a ṣe ń ra gààrí. Ẹ ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó fi ìka rà á wò bóyá ó gbẹ, ẹ ó jù ú sẹ́nu wò bóyá ó kan, ẹ ó gbọ́ bí ó ṣe ń dún lábẹ́ eyín. Ìyá onígààrí yóò wá wọn kóńgò, yóò kó o gogoro, yóò sì bu èènì lé e. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta láfún, ẹ ó wo bí ó ṣe funfun sí, ẹ ó sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀: ojú ń wọ̀n, ọwọ́ ń wọ̀n, eyín àti ahọ́n ń wọ̀n. Àwọn ìwọ̀n yìí dára, n kò sì ní fi ẹ̀rọ kankan rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò lè mú tán, ó sì ti lé ní 180 ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wá bí wọn yóò ṣe wọ̀n ọ́n.

Ohun náà jẹ́ ọmọ ìdílé kan tó fẹjú. Olórí ìdílé náà ni wọ́n ń pè ní náítírójìn. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ìdá 78 nínú 100 ni náítírójìn, kò sì ṣe wá ní ohunkóhun bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Inú ilẹ̀ ni ohun ọ̀gbìn ti ń mú tirẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà tilẹ̀ ní àwọn kòkòrò tíntìntín ní gbòǹgbò tó ń bá wọn mú un láti inú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ń gbin ẹ̀wà sí ilẹ̀ tó ti rẹ̀. Bí ewéko bá ti rí náítírójìn mú, oríṣiríṣi nǹkan ló ń fi í ṣe: purotéènì tó ń mú ọmọ dàgbà, kólíìnì tó ń tọ́jú ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ, àti májèlé tó fi ń lé kòkòrò àti ẹran sẹ́yìn. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ìwà wọn kò jọra.

Ní 1883, Johan Kjeldahl, ará Dẹ́nmáàkì, rí ọ̀nà kan láti wọn náítírójìn inú ọkà. Ilé iṣẹ́ ọtí Carlsberg ní Copenhagen ló ti ń ṣiṣẹ́ (ibi tí ìmọ̀ náà ti wá nìyẹn, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀). Ó se ọkà nínú ásíìdì líle títí náítírójìn inú rẹ̀ fi di amóníà, ó wá wọn amóníà náà. Nítorí pé nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 purotéènì ni náítírójìn, wọ́n a fi 6.25 sọ iye tí wọ́n rí di púpọ̀, wọ́n a ní purotéènì tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Iye purotéènì tí ẹ ń rí lára agolo mílíìkì títí di òní, ọ̀nà yìí tàbí ìbátan rẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń mú un jáde.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò mọ ọmọ rere yàtọ̀ sí ọmọ burúkú. Náítírójìn tó wà nínú májèlé, purotéènì ló máa kà á sí. Ní Ṣáínà ní 2008, àwọn oníjìbìtì da kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ melamine sínú mílíìkì tí wọ́n ti bu omi là. Náítírójìn pọ̀ nínú kẹ́míkà yìí, nítorí náà ìwọ̀n ń sọ pé purotéènì pé. Nǹkan bí 300,000 ọmọdé ló ṣàìsàn, mẹ́fà nínú wọn kú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú oúnjẹ, àfi kí ó wá bí yóò ṣe máa wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan ọmọ ìdílé yìí lórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kólíìnì ní kíákíá, torí ẹ̀yin ìyá ló kàn jù. Adolph Strecker, ará Jámánì, ló rí i nínú òróòro ẹranko, ó sì sọ ọ́ ní orúkọ yẹn ní 1862, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí òróòro. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe. Ní 1932, Charles Best ní Toronto, ẹni tí òun àti Banting jọ rí oògùn ínsúlínì fún àtọ̀gbẹ, ṣàkíyèsí pé ọ̀rá ń kún ẹ̀dọ̀ àwọn ajá kan, àti pé kólíìnì ló ń tú ọ̀rá náà ká. Ó tún pé ọdún 66 lẹ́yìn náà, ìyẹn 1998, kí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà tó gbé iye tó yẹ kí èèyàn máa jẹ lójúmọ́ kalẹ̀: mílígírámù 425 fún obìnrin, 450 fún aláboyún, 550 fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹyin kan tóbi tó mílígírámù 150, tàbí kó dín díẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ẹran, ẹja, sóyà, ẹ̀wà àti ẹ̀pà ní in. Wàrà sóyà tí wọ́n ń dín káàkiri Ìlọrin, èyí tí àwọn kan ń pè ní bẹ́sìkẹ́, kò yẹ kí a máa fojú oúnjẹ ọmọdé lásán wò ó. Ewéko kan wà tó tún máa ń sọ kólíìnì di ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní betaine, kí ọ̀dá má bàa pa á. Tẹ̀tẹ̀ wà lára wọn. Bí a bá jẹ ẹ́, ara wa ń lò ó láti tún èròjà purotéènì kan ṣe, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ methionine. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, a ó padà pàdé rẹ̀.

Nínú ẹ̀gẹ́, kólíìnì kò pọ̀, purotéènì kò sì pọ̀. Náítírójìn tí ẹ̀gẹ́ ní, ó ti fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe májèlé. Ibẹ̀ ni ìtàn tiwa wà.

Ẹ̀gẹ́, gbágùúdá, pákí: orúkọ pọ̀ fún un, ṣùgbọ́n àlejò ni nílẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn Potogí ló sì gbé e láti Bràsíìlì dé etíkun Áfíríkà. Ó pẹ́ kí ó tó gbilẹ̀ láàrin àwa Yorùbá, torí pé ewu ni fún ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń ṣe é. Àwọn tó mú ìmọ̀ gààrí gbilẹ̀ ni àwọn Àgùdà, àwọn èèyàn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì tí àwọn àtọmọ wọn sì padà sí Èkó, Àgbádárìgì àti Ouidah ní àwọn ọdún 1800. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Bràsíìlì ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: kí a rin ín, kí a fún omi rẹ̀ dànù, kí a yan án lórí iná. Kò sí ẹni tó wọn ohunkóhun nígbà náà. Àwọn tó ti kú ló jẹ́ kí àwọn tó kù mọ̀.

Ní 1836, àwọn ọmọ Faransé méjì, Henry àti Boutron-Charlard, fi hàn pé sáyánáídì ló wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Ní 1906, Dunstan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tún fi hàn pé sáyánáídì náà kì í dá wà nínú ẹ̀gẹ́. Ó so mọ́ ṣúgà, ó wà ní dídè, orúkọ ohun tó dè é mọ́lẹ̀ náà sì ń jẹ́ linamarin. Irú rẹ̀ kan náà ló wà nínú awújẹ, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá àgbà fi ń da omi àkọ́sè awújẹ nù.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ rò ó bí agbo ilé kan tí orogún méjì wà, tí ògiri sì wà láàrin wọn. Ọ̀kan ni linamarin. Èkejì ni èròjà kan tó lè tú u. Níwọ̀n ìgbà tí ògiri bá dúró, ilé tòrò. Bí ẹ bá rin ẹ̀gẹ́, ògiri wó, àwọn méjèèjì pàdé, sáyánáídì sì tú jáde. Ooru tó fi ń di afẹ́fẹ́ kò ju 26 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Ọ̀sán Ìlọrin gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, rínrin tó kúnná ló ń lé májèlé jáde, kì í ṣe ohun tó ń fà á. Ohun tó léwu ni ẹ̀gẹ́ tí ògiri rẹ̀ kò wó, tí orogún méjì náà sì bá èèyàn wọ inú ikùn.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní àwọn ọdún 1930, dókítà kan tó ń jẹ́ Fitzgerald Moore ṣàkíyèsí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń gbé inú ọgbà ní gúúsù Nàìjíríà. Ẹnu wọn ń bó, ahọ́n wọn ń ta wọ́n, ojú wọn ń ṣókùnkùn débi tí wọn kò lè kàwé. Bí wọ́n bá gba ìsinmi lọ sílé, tí wọ́n jẹ oúnjẹ ìyá wọn, ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́, àwọn èròjà mìíràn kò sì tó. Moore ronú pé àìtó fítámì ló fà á. Kò jìnnà sí òtítọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibẹ̀ tán.

Ní 1958, dókítà mìíràn, Money, kọ̀wé nípa agbègbè Ẹ̀pẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ní àrùn iṣan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ń jó bí ẹni tí wọ́n fi ata ra. Tó bá pẹ́, ẹsẹ̀ á di òkú, wọn kì í mọ̀ bóyá ilẹ̀ ni àwọn tẹ̀ tàbí ẹní. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn kò lè dúró déédéé. Ojú àwọn mìíràn ṣú, etí àwọn mìíràn di. Ẹ mọ ohun tí aráyé máa ń sọ nípa irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ní ìlú wa, n kò ní í sọ ọ́ níbí.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà lé ìwọ̀n ni ọmọ Òkè-Mẹsí ní Èkìtì, Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, tí wọ́n bí ní 1935. Dókítà iṣan àti ọpọlọ ni ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ó mọ̀ pé bí sáyánáídì bá wọ ara díẹ̀díẹ̀, ara kì í káwọ́ lẹ́rán. Ẹ̀dọ̀ máa ń yí i padà sí ohun kan tó ń jẹ́ thiocyanate, èyí tí kò le tó o, tí ìtọ̀ sì ń gbé jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ iye sáyánáídì tí èèyàn ti ń jẹ, kí ó wọn thiocyanate inú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀. Ọ̀ṣúntókun wọ̀n ọ́n. Ó ga nínú ara àwọn aláìsàn náà. Bí wọ́n bá dá wọn dúró ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ibẹ̀, ó ń wálẹ̀. Bí wọ́n bá padà sílé sídìí ẹ̀gẹ́, ó tún gòkè. Ní tèmi, ìwádìí tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tó sì jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ó gbé ìròyìn ńlá rẹ̀ jáde ní 1968. Ní 1969, nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ará Ẹ̀pẹ́ wò, wọ́n rí i pé láàrin èèyàn 1,000, àwọn tó ní àrùn yìí tó 18 sí 26.

Ó tún rí ohun kejì. Ìmí ọjọ́, ìyẹn sọ́fọ̀, ni ẹ̀dọ̀ fi ń yí sáyánáídì padà, inú purotéènì bíi methionine ló sì ti ń rí sọ́fọ̀ náà. (Ẹ rí i pé ó padà wá.) Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn yìí, irú èròjà purotéènì bẹ́ẹ̀ kéré gan-an. Èèyàn méjì lè jẹ ẹ̀bà kan náà láti inú agbada kan náà: ẹni tó fi ẹja tàbí ẹyin jẹ ẹ́ ní ohun tí yóò fi sanwó májèlé náà, ẹni tó fi ọbẹ̀ lásán jẹ ẹ́ kò ní. Láàrin ìdílé tí bàbá ń gba ẹran, tí àwọn ọmọ ń gba ẹja, tí ìyá ń fi omi ọbẹ̀ jẹ tirẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́.

Ní apá Ìlà-oòrùn, ní agbègbè Nsukka, Dókítà Ekpechi rí ọ̀nà mìíràn tí thiocyanate yìí ń gbà ṣèpalára ní àwọn ọdún 1960: kì í jẹ́ kí ọrùn rí áyódíìnì mú, gẹ̀gẹ̀ á sì yọ. Iyọ̀ tí wọ́n ti fi áyódíìnì sí, èyí tó ti wà lọ́jà wa láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ti dín ìyẹn kù púpọ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn mìíràn ń wo agbada fúnra rẹ̀. Ní Ìbàdàn ní 1959, Collard àti Levi sọ pé kòkòrò tíntìntín ló ń mú gààrí kan, pé ásíìdì tí wọ́n ń tú jáde ló sì ń fọ́ májèlé náà. Akinrele ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba ní Oshodi mú un lọ síwájú, wọ́n sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ gààrí. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. L. Oke ní Yunifásítì Ifẹ̀ wọn sáyánáídì inú oúnjẹ wa lóríṣiríṣi. Nígbà tí ìwọ̀n wá péye sí i, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ Collard àti Levi kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Èròjà tó wà nínú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, orogún kejì yẹn, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, láàrin wákàtí díẹ̀ tí a bá rin ín. Kíkan tilẹ̀ máa ń dá apá kan dúró: kí linamarin tó di sáyánáídì, ó ń kọ́kọ́ di ohun àárín kan, ohun àárín yìí kì í sì í fẹ́ kúrò bí ibi tó wà bá ti kan. Fífún omi rẹ̀ dànù dáadáa àti iná agbada ló ń lé e.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí èyí díẹ̀, torí ó yí ohun tí à ń sọ lọ́jà padà. À ń sọ pé gààrí tó bá kan ti jinná, kò ní ewu. Kíkan jẹ́ ẹ̀rí pé ó sùn. Kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n fún un gbẹ, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé iná jó o tó. Gààrí tó ṣì ń rọ̀, tó ń dì mọ́ra lọ́wọ́, iná kò jó o tó, bó ti wù kó kan tó.

Ti fùfú àti láfún yàtọ̀. Ibi tí a ti ń ki ẹ̀gẹ́ bọ omi láìrin ín, ògiri ilé orogún kò tíì wó. Àwọn kòkòrò inú omi ló ń mú un rọ̀ tí ògiri fi ń wó, ìyẹn sì ń gba ọjọ́. Bí ó bá lo bí ọjọ́ mẹ́ta nínú omi tó sì rọ̀ dénú, èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé rẹ̀ ti lọ. Bí a bá kó o jáde lọ́jọ́ kìíní torí pé ọjà ń pè, tàbí tí a gé e wẹ́wẹ́ tí a kàn sá a sóòrùn, púpọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Láfún méjèèjì á funfun bákan náà. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìyẹn ni wọ́n fi rí àjálù ní Mòsáḿbíìkì ní 1981. Ọ̀dá dá ní agbègbè Nampula, ogun wà nílẹ̀, kò sí oúnjẹ mìíràn ju ẹ̀gẹ́ kíkorò lọ, ebi kò sì jẹ́ kí wọ́n dúró ṣe é tán. Èèyàn tó lé ní 1,000, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé, sùn lálẹ́ wọn jí tí ẹsẹ̀ wọn ti le gan-gan. Àrùn náà kì í pọ̀ sí i, kì í sì í lọ títí ayé. Dókítà Julie Cliff àti Hans Rosling wà lára àwọn tó wọn thiocyanate inú ìtọ̀ wọn, wọ́n rí i pé ó ga kọjá ààlà. Orúkọ àrùn náà ni kónzò. Dókítà Trolli ti kọ nípa rẹ̀ láti Kwango ní Kóńgò ní 1938. Ní èdè àwọn ará ibẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni ẹsẹ̀ tí a dè.

Àléébù kan wà lára gbogbo ìwọ̀n tí mo ti sọ: inú yàrá àyẹ̀wò ńlá ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n. Howard Bradbury ní Canberra, Ọsirélíà, ló tún ọ̀nà àtijọ́ kan tí ọmọ Faransé Guignard gbé jáde ní 1906 ṣe kí ó lè dé abúlé. Ìgò kékeré kan ni. A ó bu ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú omi àti bébà tó ní orogún kejì lára, a ó fi bébà yẹ́lò kan kọ́ sí òkè rẹ̀, a ó dé e mọ́jú. Bí sáyánáídì bá ń jáde, bébà yẹ́lò náà á máa pọ́n lọ sí àwọ̀ kọfí. Bó bá ṣe pọ́n tó ni májèlé rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Káàdì kan wà tí a ó fi wé àwọ̀ náà, láti 0 dé 800. Ẹni tí kò lọ sí yunifásítì lè kà á. Bradbury fi ìgò wọ̀nyí ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìlera ní àwọn ilẹ̀ tálákà.

Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wé e ni ti Codex, ìgbìmọ̀ oúnjẹ àgbáyé: ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kò gbọdọ̀ ju mílígírámù sáyánáídì 10 lọ nínú kílò kan, gààrí kò gbọdọ̀ ju 2 lọ. Ẹ̀gẹ́ tútù tí wọ́n bá fẹ́ pè ní aládùn kò gbọdọ̀ tó 50. Ti kíkorò lè lọ sí ọgọ́rùn-ún mélòó kan.

Ṣé ìtàn Ọ̀ṣúntókun ti wá parí síbẹ̀? Rárá o. Ó kú ní 1995, lẹ́yìn tó ti di olókìkí ní gbogbo ayé. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, Dókítà Oluwole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ọ̀ṣọ́sà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n yẹ èèyàn 3,428 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 10 sókè wò. Àwọn 206 ló ní àrùn náà, ìyẹn 6 nínú 100. Láàrin àwọn ọkùnrin, kò tó 4 nínú 100. Láàrin àwọn obìnrin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8. Láàrin àwọn obìnrin tó jẹ́ ẹni 60 sí 69 ọdún, ó jẹ́ 24 nínú 100. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn kà. Nínú obìnrin mẹ́rin tó jókòó sórí ẹní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ní in.

Síbẹ̀, nígbà tí àwọn kan náà wọn ìlú mìíràn tí sáyánáídì pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, àrùn náà kò pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ jáde ní 2002. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn: ṣé sáyánáídì nìkan ni, àbí àìtó purotéènì àti fítámì, àbí ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n? Èrò tèmi ni pé àwo oúnjẹ gbogbo ló yẹ kí wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ nìkan. Ti kónzò kò ní iyàn tó bẹ́ẹ̀. Nínú abúlé kan ní Popokabaka, ní Kwango kan náà tí Trolli ti kọ̀wé, wọ́n kọ́ àwọn obìnrin ní ohun kékeré kan tí Bradbury rí, kò sì sí ẹni tuntun tó ní kónzò níbẹ̀ fún oṣù 18 tí wọ́n fi ń ṣọ́ wọn.

Ohun kékeré náà wúlò fún láfún tí a kò mọ ọwọ́ tó ṣe é. Kí ẹ tó rò ó, ẹ bu ìyẹ̀fun tí ẹ fẹ́ jẹ lọ́jọ́ yẹn sínú ọpọ́n, ẹ fi omi pò ó títí yóò fi tutù jálẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí àtẹ tàbí ẹní, kí ó má nípọn ju ìka kan lọ. Ẹ fi sóòrùn fún wákàtí méjì, tàbí sábẹ́ ìbòòji fún wákàtí márùn-ún. Orogún kejì tó ṣẹ́ kù nínú ìyẹ̀fun á jí, á parí iṣẹ́ rẹ̀, sáyánáídì á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ wá rò ó bí ẹ ṣe ń rò ó tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n fi hàn pé májèlé tó kù lè dín sí ìdá kan nínú mẹ́ta, tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, kì í ṣe inú yàrá, kí ẹ má sì tọ́jú èyí tó ti tutù di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ ń jó lálẹ́, ẹ má torí ìtàn yìí pinnu pé gààrí ni. Àtọ̀gbẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àìtó fítámì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ń jẹ fún dókítà láìfi kan pamọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí orí ń fọ́ ọ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tó ń bì, tí mímí ń nira fún un láàrin wákàtí díẹ̀, pàápàá ọmọdé, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró wá epo pupa. Ẹ mú díẹ̀ lára oúnjẹ náà dání.

Ẹgbẹ́ tó bá ní ìbéèrè, kí alága tàbí akọ̀wé wọn kọ ọ́ ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èlùbọ́ iṣu ló kàn.